Òkùnkùn Kò Mọ Ẹni Ọ̀wọ̀: Ìtàn Kẹ̀kẹ́, Ọmọ àti Àtùpà ní Ọgbà

 

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ní Ọgbà, àdúgbò tí ó wà láàárín Ìkẹjà àti Agége ní ìpínlẹ̀ Èkó, ohun kan ṣẹlẹ̀ lójú mi tí kò kúrò lọ́kàn mi títí di òní. Oòrùn ti wọ̀, iná mànàmáná kò sí, àwọn ọlọ́jà sì ti ń tan àtùpà sídìí àtẹ wọn. Bàbá kan ń gun kẹ̀kẹ́ bọ̀ láti ìhà àwọn ilé iṣẹ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ jókòó sẹ́yìn rẹ̀, ó wọ aṣọ ilé ìwé tí àwọ̀ rẹ̀ ṣú, ó fi ọwọ́ méjèèjì di bàbá rẹ̀ mú. Kẹ̀kẹ́ náà kò ní àtùpà níwájú, bẹ́ẹ̀ ni kò ní dígí pupa lẹ́yìn. Dánfó kan yọ láti ẹ̀yìn wọn. Ìgbà tí ó kù díẹ̀ kí ó gbá wọn ni awakọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wọn. Ó yà bàrà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kọ̀ńdọ́ yọrí síta, ó sì kígbe pé, “Ta nìyẹn?” Bàbá náà kò fèsì. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé ọmọ rẹ̀ sílẹ̀, ó di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, ó sì ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ lọ sílé.

Ìbéèrè kọ̀ńdọ́ yẹn kì í ṣe tuntun. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní, “Òkùnkùn kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ló dífá fún ‘Ìwọ ta nìyẹn?’” Ẹni tí à bá dọ̀bálẹ̀ kí ní ọ̀sán, bí ilẹ̀ bá ti ṣú, a lè bi í ní ìbéèrè tí a fi ń bi olè. Ohun tí mo fẹ́ sọ nínú àròkọ yìí ni pé ìtàn àtùpà kẹ̀kẹ́ jẹ́ ìtàn ìbéèrè yẹn gan-an: ta ni ó yẹ kí ó béèrè, ta ni ó sì yẹ kí ó dáhùn? Ọmọ tí ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ kò lè béèrè, kò sì lè dáhùn. Nítorí náà, àwa àgbà ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ọ̀rọ̀ náà “kẹ̀kẹ́”

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, nítorí pé èdè a máa pa ìtàn mọ́. Kí kẹ̀kẹ́ àwọn Òyìnbó tó dé, kẹ̀kẹ́ ti wà lẹ́nu wa. Ohun tí ń yí ni. Àwọn ìyá wa ní kẹ̀kẹ́ ìrànwú. Nígbà tí a túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá, èyí tí ó jáde lódindi ní ọdún 1884, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n pe ọkọ̀ ogun tí ẹṣin ń fà, kẹ̀kẹ́ iná ni ó sì wá bá wòlíì Èlíjà. Ẹ má ṣe ṣi ohùn rẹ̀ pè o: kẹ́kẹ́ olóhùn òkè ni ilà ojú, kẹ̀kẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ohùn ìsàlẹ̀ ni èyí tí à ń sọ.

Kẹ̀kẹ́ ológeere ni a wá sọ èyí tí ó ní ẹsẹ̀ méjì tí ènìyàn ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tẹ̀, nítorí pé ó ń lọ geere, kò pariwo. Ẹ kíyè sí i pé ìyìn tí ó wà nínú orúkọ náà ni ewu rẹ̀ lóru. Ohun tí ń lọ geere kò fi etí ẹni létí pé òun ń bọ̀. Lẹ́ẹ̀kejì, a kì í sábà sọ pé a ń wa kẹ̀kẹ́ bí a ti ń wa ọkọ̀. A ń gùn ún ni, bí ẹni gun ẹṣin. Ẹni tí ó gun nǹkan wà ní gbangba. Kò sí ògiri, kò sí òrùlé, ara rẹ̀ ni odi rẹ̀. Ní Ọgbà lónìí, bí o bá ní o fẹ́ wọ kẹ̀kẹ́, Márúwá ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọn yóò nawọ́ sí. Orúkọ Buba Marwa, ológun tí ó ṣe àkóso ìpínlẹ̀ Èkó láti 1996 sí 1999, ni ó bọ́ sórí kẹ̀kẹ́ yẹn.

Ìdáhùn àwọn baba wa

Àwọn baba wa kò dúró kí òkùnkùn bi wọ́n léèrè kí wọ́n tó dáhùn. Ẹni tí yóò rìn lóru a tan ògùṣọ̀, èyí tí a fi háhá ẹyìn ṣe, a sì gbé e lọ́wọ́. Iṣẹ́ méjì ni ògùṣọ̀ ń ṣe: ó ń fi ọ̀nà han ẹni tí ó gbé e, ó sì ń fi ẹni tí ó gbé e han ará ọ̀nà. Àgbàlagbà tí ó bá ń súnmọ́ agbolé lóru a wúkọ́ kí ó tó dé ẹnu ọ̀nà. Bí ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò bá béèrè pé, “Ta nìyẹn?”, ẹni ire a dáhùn kíákíá. Ẹni tí ó bá dákẹ́ ni wọ́n ń fura sí.

Ẹ̀yìn ìyá ni ọmọ sì ń wà nírú ìrìn bẹ́ẹ̀. A ní, “Ọmọ tí a pọ̀n sẹ́yìn kò mọ̀ pé ọ̀nà jìn.” Bí kò ti mọ̀ pé ọ̀nà jìn, bẹ́ẹ̀ ni kò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú. Gbogbo ìṣọ́ra wà lọ́wọ́ ẹni tí ó pọ̀n ọ́n.

Ọdún 1888

Nǹkan méjì ṣẹlẹ̀ ní òkè òkun ní ọdún 1888 tí wọ́n kan kẹ̀kẹ́ tí à ń wí yìí, bí wọn kò tilẹ̀ mọ ara wọn.

Àkọ́kọ́ kan ọmọdé. Ní ìlú Belfast ní Írélándì, John Boyd Dunlop, ará Skọ́tìláńdì tí ó jẹ́ oníṣègùn ẹran, rí i pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí ọmọkùnrin rẹ̀ ń gùn ń gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì lórí òkúta títì. Ó fi rọ́bà ṣe ọ̀pá tí a fẹ́ atẹ́gùn sí, ó sì dì í mọ́ ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1888 ni ó gba ìwé àṣẹ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Nítorí ìtura ọmọ kan ni táyà abẹ́fẹ́ẹ́ ṣe di ohun tí gbogbo ayé ń lò.

Èkejì kan òkùnkùn. Ní ọdún yẹn náà, òfin ìjọba ìbílẹ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ pé kẹ̀kẹ́ pẹ̀lú jẹ́ ọkọ̀, àti pé láti wákàtí kan lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀ títí di wákàtí kan kí ó tó yọ, ẹni tí ó bá gùn ún gbọ́dọ̀ tan àtùpà. Ìdí tí òfin náà fi lélẹ̀ yẹ ní àkíyèsí: kí àtùpà náà lè fi hàn pé kẹ̀kẹ́ ń bọ̀ àti ibi tí ó wà. Ọ̀rọ̀ ògùṣọ̀ ni òfin náà ń sọ.

Irú òye bẹ́ẹ̀ ni ìjọba amúnisìn gbé wá sí ọ̀dọ̀ wa. Àwọn àgbà tí wọ́n gun kẹ̀kẹ́ láyé àwọn Gẹ̀ẹ́sì a máa sọ ìtàn ọlọ́pàá tí ó fara pamọ́ sí orígun títì láti mú ẹni tí kò tan àtùpà. Wọ́n tún ń san owó ìwé àṣẹ kẹ̀kẹ́ fún ìjọba ìbílẹ̀. Èyí kò kúrò nínú ìwé: nínú ìwé òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1979 àti ti ọdún 1999, fífún kẹ̀kẹ́, ọkọ̀ ojú omi àti ọmọlanke ní ìwé àṣẹ wà lára iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀.

Agége, Ìkẹjà àti Ọgbà

Báwo ni ìtàn yìí ṣe dé Ọgbà? Ọ̀nà méjì ni ó gbà dé: ọ̀nà oko àti ọ̀nà ilé iṣẹ́.

Oko ni ó ṣáájú. Nígbà tí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ń parí lọ, àwọn ọlọ́lá Èkó bẹ̀rẹ̀ sí dá oko kòkó àti obì sí àyíká Agége. Jacob Kehinde Coker, tí oko rẹ̀ wà ní Ifákò, ni ó lókìkí jù nínú wọn. Ojú irin tí ó ti Èkó dé Ìbàdàn ní ọdún 1901 gba Agége kọjá, ó ń kó èrè oko lọ. Owó oko irú èyí wà lára ohun tí ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá fi ra kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ wọn, Raleigh ni o, Rudge ni o, Humber ni o.

Ilé iṣẹ́ ni ó tẹ̀lé e. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, nígbà tí Ìkẹjà ṣì wà lábẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ìjọba ya ilẹ̀ ńlá sọ́tọ̀ níbẹ̀ fún ilé iṣẹ́. Ní ọdún 1962, Guinness kọ́ ilé ìpọntí rẹ̀ síbẹ̀. Láàárín àwọn ọdún yẹn náà ni ilé iṣẹ́ táyà Dunlop dé sí òpópó Ọba Akran. Orúkọ bàbá tí ó ṣe táyà fún kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ wá di orúkọ ilé iṣẹ́ ní itòsí Ọgbà. Ó sì wà níbẹ̀ títí di ọdún 2008, tí ilé iṣẹ́ náà dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró. Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìkẹjà àti Agége bọ́ sínú rẹ̀.

Àwọn òṣìṣẹ́ ni ó ṣe pàtàkì jù nínú ọ̀rọ̀ tiwa. Adrian Peace, onímọ̀ nípa àwùjọ ẹ̀dá, kọ ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1979 nípa àwọn òṣìṣẹ́ Ìkẹjà tí wọ́n fi Agége ṣe ibùgbé. Wọ́n ń sùn sí ibì kan, wọ́n ń ṣiṣẹ́ sí ibòmíràn. Ọ̀nà ni ó wà láàárín. Ilé iṣẹ́ ńlá kì í sùn. Òṣìṣẹ́ a wọ ṣíìfù òwúrọ̀, ti ọ̀sán tàbí ti òru. Ìdí nìyí tí ìrìn òkùnkùn fi di ara iṣẹ́ oojọ́, yálà ẹsẹ̀ ni ènìyàn fi rìn tàbí kẹ̀kẹ́ ni ó gùn. Ẹni tí ó bá sì ya ilé ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìbátan gbé ọmọ rẹ̀ nígbà tí ó ń bọ̀, orí irin ẹrù tí ó wà lẹ́yìn kẹ̀kẹ́ ni ó ń gbé e sí.

Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ kì í pẹ́ ṣú lọ́dọ̀ wa. Ní Èkó, oòrùn ń wọ̀ láàárín nǹkan bí aago mẹ́fà ààbọ̀ àti aago méje kọjá díẹ̀ jálẹ̀ ọdún, ìmọ́lẹ̀ tí ó bá sì kù lẹ́yìn rẹ̀ kì í ju nǹkan bí ogún ìṣẹ́jú lọ. Ẹni tí ó kúrò ní ẹnu ọ̀nà ilé iṣẹ́ nígbà tí ojú ṣì ń ríran lè wà nínú òkùnkùn biribiri kí ó tó dé Ìjàyè.

Àtùpà mẹ́ta

Àtùpà kẹ̀kẹ́ tí àwọn baba wa lò pín sí mẹ́ta. Èkínní ni àtùpà elépo, tí afẹ́fẹ́ tètè ń pa. Èkejì ni àtùpà kábáàdì: omi ń kán sórí òkúta kábáàdì, ó ń tú èéfín tí ń gbiná, iná rẹ̀ sì funfun gbòò. Àwọn ọdẹ wa fẹ́ràn rẹ̀, wọ́n ń dè é mọ́rí. Ẹ̀kẹta ni dáínámò, ẹ̀rọ kékeré tí ń fara kan táyà tí ó sì ń sọ yíyí rẹ̀ di iná. Ní ọdún 1936, Sturmey-Archer, tí ó jẹ́ ti Raleigh, gbé irú rẹ̀ tí ó wà láàárín ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ gan-an jáde.

Dáínámò kò ń fẹ́ epo, kò ń fẹ́ bátìrì, ṣùgbọ́n ó ní àléébù kan: bí kẹ̀kẹ́ bá dúró, iná kú. Ibi tí bàbá bá sì ti dúró láàárín títì, tí ó ń wá àyè láti kọjá, ni ó ti nílò iná jù. Ìdí rèé tí dígí pupa ẹ̀yìn fi ṣe pàtàkì.

Ẹ̀kọ́ dígí náà kò ṣàjèjì sí ọdẹ. Bí ọdẹ tí ó de kábáàdì mọ́rí bá yíjú sí ibi tí ẹtu wà, kì í kọ́kọ́ rí ara ẹtu. Ojú rẹ̀ tí ń pọ́n bí ẹyín iná ni ó ń rí. Ìmọ́lẹ̀ tí ó kúrò lórí ọdẹ wọ ojú ẹran, ó sì padà tọ ọdẹ lọ. Irú ọgbọ́n yìí ni Percy Shaw ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lò ní ọdún 1934, nígbà tí ó ṣe dígí ojú títì tí wọ́n ń pè ní ojú ológbò. Òun náà ni ó wà nínú dígí pupa kẹ̀kẹ́, àti nínú ọ̀já fàdákà tí ó wà lára aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó. Ohun tí ń pa ẹtu ni ó ń gba ọmọ ènìyàn là. Ṣùgbọ́n bí ọdẹ kò bá tan iná, ojú ẹtu kò ní tàn. Dánfó tí iná iwájú rẹ̀ ti kú kò lè rí dígí pupa kankan. Nítorí náà, dígí nìkan kò tó ní Èkó. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ ní iná tirẹ̀ pẹ̀lú.

Ta ni yóò ru àtùpà?

Ibí ni àríyànjiyàn wà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀pọ̀ àwọn tí ń gun kẹ̀kẹ́ kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní gbé iná sẹ́yìn. Wọ́n ní ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn ni ó yẹ kí ó wo iwájú rẹ̀; bí àwọn bá gbà láti ru iná ẹ̀yìn, awakọ̀ yóò máa sáré ju ibi tí ojú rẹ̀ ríran dé, yóò sì di ẹ̀bi sí àwọn lọ́rùn. Òfin ọdún 1927 gbà fún wọn láti lo dígí pupa dípò iná. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀ ní ọdún 1939, tí wọ́n pa iná gbogbo ìlú nítorí ọkọ̀ òfuurufú ọ̀tá, iná ẹ̀yìn di dandan, òfin ọdún 1945 sì sọ ọ́ di ti títí láé.

Ṣé wọ́n jàre tàbí wọ́n jẹ̀bi? Ní èrò tèmi, wọ́n jàre nínú ìbẹ̀rù wọn, ṣùgbọ́n iná náà gba ẹ̀mí là. Ẹni tí ó gbé ọmọ sẹ́yìn kò lè dúró de ìgbà tí gbogbo awakọ̀ yóò gbọ́n.

Síbẹ̀, a kò gbọdọ̀ di gbogbo ẹrù náà lé òbí lórí. Ní Nẹ́dálándì, ní ọdún 1971, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé ọ̀ọ́dúnrún ènìyàn ni ó kú lójú pópó, àwọn ọmọdé inú wọn sì ju 400 lọ. Akọ̀ròyìn Vic Langenhoff, tí ọmọ tirẹ̀ wà lára wọn, kọ àròkọ tí ó bí ẹgbẹ́ kan tí ó ń béèrè pé kí wọ́n dá pípa ọmọdé dúró. Àwọn òbí jáde sí títì, ìjọba sì bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún kẹ̀kẹ́. Lọ́dọ̀ tiwa, Wọlé Ṣóyínká ni alága àkọ́kọ́ fún Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1988. Ní ọdún 2018, ìpínlẹ̀ Èkó gbé ìlànà jáde nípa ìrìn ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́. Ìlànà dára, ṣùgbọ́n ọmọ kì í gun ìwé lọ sílé.

Ohun tí a lè ṣe ní Ọgbà

Ọkọ̀ tí ń sáré kìlómítà 60 ní wákàtí kan ń kọjá nǹkan bí mítà 17 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Àyè tí a ní kéré. Nítorí náà:

Èkínní, iná funfun níwájú, iná pupa lẹ́yìn, méjèèjì ti bátìrì, kí wọ́n má baà kú nígbà tí a bá dúró. Kí aṣọ bàbá tàbí ẹsẹ̀ ọmọ má ṣe bo iná ẹ̀yìn mọ́lẹ̀.

Èkejì, aṣọ. Ẹtù àti aláró dára lọ́jọ́ òde, ṣùgbọ́n òkùnkùn a gbé wọn mì. Aṣọ funfun sàn. Aṣọ àwọ̀ ìyeyè tí ń tàn yòò lójú oòrùn kò ní agbára púpọ̀ lóru. Ọ̀já fàdákà ara rẹ̀ ni ó ń ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta, ẹ de irú ọ̀já bẹ́ẹ̀ mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Gunnar Johansson ti ilẹ̀ Swídìn fi hàn ní ọdún 1973 pé bí a bá fi iná kéékèèké sí oríkèé ara ẹni tí ń rìn nínú òkùnkùn, ojú a mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé ènìyàn ni. Ẹsẹ̀ tí ń lọ sókè sódò ń dáhùn pé, “Ènìyàn ni mí.”

Ẹ̀kẹrin, bí ọmọ bá ń gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, kí àgbà wà lẹ́yìn rẹ̀, kí ó sì yọ díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì. Láti ọjọ́ kejì oṣù Kẹrin ọdún 1972, tí Nàìjíríà ti kúrò ní ọwọ́ òsì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún, ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà yọ sí wa. Ara àgbà ni kí ó jẹ́ odi.

Ẹ̀karùn-ún, kí ọmọ dé àṣíborí, kí ó ní ìjókòó tí ó ní ìgbátẹsẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà kó sínú irin táyà. Bí títì bá kún fún tírélà tí òkùnkùn sì pọ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ bí bàbá ọjọ́ náà. Kì í ṣe ìtìjú.

Mo tún ń ronú kan bàbá yẹn. Ẹni iyì ni lójú ọmọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ tí ó fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé ọmọ rẹ̀ wálé. Òkùnkùn kò mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí á tan iná kí kọ̀ńdọ́ tó béèrè. Ẹ̀yin awakọ̀, ẹ tún iná iwájú ọkọ̀ yín ṣe, kí ẹ sì máa béèrè kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìbéèrè àti ìdáhùn gbọ́dọ̀ pàdé lójú ọ̀nà kí táyà tó pàdé ara ọmọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ bi àwọn bàbá àti ìyá yín àgbà léèrè irú àtùpà tí wọ́n lò lórí kẹ̀kẹ́ wọn, kí ẹ sì kọ orúkọ tí wọ́n ń pè é sílẹ̀ kí ó tó parẹ́. Ó dàárọ̀ o. Kí Olódùmarè má jẹ̀ẹ́ kí á rìn ní ọjọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà.